Tọ́ọ̀ṣì Kẹta Nínú Ètò Ẹrù

Ajé, ọjọ́ kejì oṣù Ọ̀wàrà

Òjò láti àárọ̀. Orùlé yàrá ẹ̀rọ, níbi tí kọ̀ǹpútà wa wà, ń jò ní igun tó máa ń jò, garawa sì ti wà nípò rẹ̀ bí òṣìṣẹ́ tí ẹnikẹ́ni ò lè dá dúró. Ọ̀gá pè wá jọ. Ó ní kí òun tó fẹ̀yìn tì ní ìparí oṣù tó ń bọ̀, ètò ẹrù, ètò ìwọ̀n àti ètò ìwé-ọkọ̀ gbọ́dọ̀ di ẹyọ kan ṣoṣo, torí wọ́n máa gbé ẹ̀rọ kejì lọ. Gbogbo ẹrù tó bá wọ ọkọ̀ ojú irin ní ibùdókọ̀ èyíkéyìí, ètò kan náà ni yóò máa tẹ ìwé rẹ̀. Èmi ni mo kọ ètò ẹrù, láti ìlà àkọ́kọ́ dé ìlà ìkẹyìn. Ìyá Ẹrù ni wọ́n ń pè mí níbi iṣẹ́, orúkọ náà sì wù mí.

Ẹni tó bá mú ètò tuntun yìí jáde ni yóò jókòó sí àga Ọ̀gá. Kò sọ ọ́ báyẹn o. Ó kàn wo àga, ó wá wò mí.

Bàtà aláwọ̀ ilẹ̀ yẹn ṣì wà ní fèrèsé ìsọ̀ lẹ́bàá ilé-iṣẹ́. Wọ́n tún ti fi owó lé e. Mo ní kó dúró dè mí.

Ìṣẹ́gun, ọjọ́ kẹta

Mo da ètò mẹ́tẹ̀ẹ̀ta pọ̀ láti wò ó, asẹ́ńbúlà, ètò tó ń tú ohun tí a kọ sí èdè ẹ̀rọ, sì dá iṣẹ́ mi padà. Ẹ̀sùn kan náà ló tẹ̀ sábẹ́ ìlà lẹ́yìn ìlà: òun ò rí ọ̀nà débẹ̀. Kò yà mí lẹ́nu. Rẹ́jísítà ìpìlẹ̀ kan, ọ̀kan nínú àpótí kékeré mẹ́rìndínlógún tí ẹ̀rọ fi ń rántí ibi tí nǹkan wà, ò lè ríran kọjá ẹgbàajì báìtì àti díẹ̀, ilé tí a sì fẹ́ kọ́ yìí tó nǹkan bí ìlọ́po mẹ́ta ìyẹn. Mo sọ fún Ọ̀gá pé ìpìlẹ̀ mẹ́ta la nílò. Ó ní òun mọ̀, àti pé òun ti rí ẹni tó máa tò wọ́n.

Mo rò pé èmi ló ń wí. Mo tilẹ̀ rẹ́rìn-ín.

Ọjọ́rú, ọjọ́ kẹrin

Kékeré ni.

Ọjọ́bọ̀, ọjọ́ karùn-ún

Lánàá mi ò lè kọ ju ìyẹn lọ. Kékeré, àbúrò mi, àbíkẹ́yìn ìyá mi, tó ga jù mí lọ ní orí kan. Àjà òkè ló ti ń ṣiṣẹ́ láti ọdún méjì. Orí tábìlì ilé ìdáná mi ló ti kọ́ iṣẹ́ yìí. Èmi ni mo kọ́ ọ bí a ṣe ń fi mẹ́rìndínlógún ka nọ́ńbà dípò mẹ́wàá, nígbà tó ń sunkún pé kò lè wọ orí òun. Ó ti wá wọ̀ ọ́ lórí báyìí o.

Ọ̀gá ní, "Ìyá Ẹrù, ẹ jẹ́ kí àbúrò yín to ìpìlẹ̀. Kí ẹ̀yin kọ apá tó ń yẹ ìwọ̀n wò. Ọwọ́ ọmọ yẹn mọ́."

Ọwọ́ ọmọ yẹn mọ́. Ta ló wá ní ọwọ́ ìdọ̀tí?

Ó sọ̀ kalẹ̀ wá pẹ̀lú àpótí ìwé rẹ̀ àti ife rẹ̀, ó kúnlẹ̀ kí mi, ó ní, "Ẹ̀gbọ́n mi, inú mi dùn pé a jọ máa ṣe é." Mo ní inú tèmi náà dùn. Owú ń jẹ mí débi pé eyín ń dùn mí.

Àìkú, ọjọ́ kẹjọ

Kékeré wá sílé bó ṣe máa ń wá lọ́jọ́ Ìsinmi. Màmá béèrè iṣẹ́ tí à ń ṣe tí ojú àwa méjèèjì fi pọ́n bẹ́ẹ̀. Oúnjẹ wà lẹ́nu mi. Kí n tó gbé e mì, Kékeré ti ń dáhùn.

"Màmá, ẹ fojú inú wo ilé kan tó gùn gan-an tí kò níná. Ẹnì kan dúró lẹ́nu ọ̀nà, ó di tọ́ọ̀ṣì mú. Iná rẹ̀ ò lè kọjá yàrá kẹrin. Tí ilé bá gùn jù bẹ́ẹ̀ lọ, ẹlòmíì gbọ́dọ̀ dúró síbi tí iná tẹni àkọ́kọ́ parí sí. Ẹnì kẹta náà á tún dúró síwájú."

"Ta ló di ti ẹnu ọ̀nà mú?"

"Ẹ̀gbọ́n mi ni. Iṣẹ́ wọn ló kọ́kọ́ wà níbẹ̀."

"Ìwọ ńkọ́?"

"Èmi ni mò ń sọ ibi tí kálukú máa dúró sí."

Màmá rẹ́rìn-ín títí ó fi bọ́ dígí ojú rẹ̀ nù. Ó ní, "Ọlọ́pàá ojú pópó ni ẹ́ nìyẹn."

Èmi ni mo ni tọ́ọ̀ṣì yẹn. Èmi ni mo fi kọ́ ọ, lórí tábìlì kan náà tí à ń jẹun lé lórí. Kò sọ ọ́. Bóyá ó ti gbàgbé pé ẹnì kan ló kọ́ òun. Ó ti pẹ́ tí Màmá ti fi ọ̀rọ̀ iṣẹ́ mi rẹ́rìn-ín báyẹn kẹ́yìn. Mo rò ó títí, mi ò rí ọjọ́ kan.

Ajé, ọjọ́ kẹsàn-án

Mo borí díẹ̀ lónìí. Mò ń jẹ búrẹ́dì nígbà tí Kékeré gbé ìwé dé ọ̀dọ̀ mi.

"Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi wò ó. Rẹ́jísítà kẹta dé ìkẹwàá, iṣẹ́ yín ti gbà wọ́n tán. Ìkẹtàlá, ìkẹrìnlá, ìkẹẹ̀ẹ́dógún, òfo àti ọ̀kan, ẹ̀rọ ló ni wọ́n. Mo ti mú ìkejìlá àti ìkọkànlá. Ìkejì nìkan ló ṣófo. Mo fẹ́ fi ṣe ìpìlẹ̀ kẹta. Ṣé kò sí nǹkan níbẹ̀?"

Mi ò wo ìwé náà. Mo ní, "Ìwọ ni Ọ̀gá gbé iṣẹ́ fún. Ìwọ ni kó o mọ̀."

Ó ní, "Ẹ ṣeun, Ẹ̀gbọ́n mi," ó sì lọ. Ó pẹ́ tí búrẹ́dì ti dùn lẹ́nu mi tó bẹ́ẹ̀.

Ọjọ́bọ̀, ọjọ́ kejìlá

Ẹ̀rọ amúlétutù kú. Ooru yàrá ẹ̀rọ tó ti ibi tí wọ́n ti ń yan búrẹ́dì. Awakọ̀, ìyẹn ọkùnrin tó ń tọ́jú ẹ̀rọ ńlá, gbé abẹ̀bẹ̀ oníná mẹ́rin yí i ká bí ẹni tó ń tọ́jú aláìsàn. Ó ní Kékeré ra omi tútù fún òun láàárọ̀. Ó ní láti ọjọ́ tí òun ti wà níbí, ẹnikẹ́ni ò ra omi fún òun rí. Ó wò mí bó ṣe ń sọ ọ́. Mo bi í bóyá torí omi náà ló fi ń gbọ́ràn sí Kékeré lẹ́nu báyẹn. Ó ní rárá, torí ohùn rẹ̀ ni.

Ìṣẹ́gun, ọjọ́ kẹtàdínlógún

Mo parí apá ìwọ̀n. Àṣẹ kan ṣoṣo ló ń ṣe iṣẹ́ náà, TRT. Ó ń lọ lórí ìwọ̀n tí akọ̀wé ibùdókọ̀ tẹ̀ wọlé, ní ẹyọ ẹyọ, bí ẹni tó ń ṣa òkúta nínú ìrẹsì. Bí gbogbo rẹ̀ bá jẹ́ nọ́ńbà, á kọjá lọ. Bó bá rí lẹ́tà níbẹ̀, á dúró, á sọ ibi tó ti rí i, á sì sọ irú ohun tó rí. Iṣẹ́ mi dára. Mo tẹ̀ ẹ́ jáde, mo gbé e sórí tábìlì Ọ̀gá. Ó ní, "Ẹ ṣeun, Ìyá Ẹrù," kò sì gbójú sókè. Iṣẹ́ Kékeré ló ń kà.

Àbámẹ́ta, ọjọ́ kọkànlélógún

Ọbẹ̀ jóná. Bàbá àwọn ọmọ tọ́ ọ wò, ó ní, "Ta lò ń bá jà nínú ìkòkò yìí?" Mo ní kó jẹ ẹ́ bẹ́ẹ̀. Ó jẹ ẹ́ bẹ́ẹ̀.

Ọjọ́bọ̀, ọjọ́ kẹrìndínlọ́gbọ̀n

A da iṣẹ́ gbogbo wa pọ̀ lónìí. Asẹ́ńbúlà kò ní ẹ̀sùn kankan. Ọ̀gá na ìwé náà sókè kí gbogbo yàrá rí i pé ojú ewé ẹ̀sùn ṣófo. Wọ́n pàtẹ́wọ́. Mo mú ẹ̀dà tèmi lọ sídìí fèrèsé láti wá nǹkan tí kò dáa níbẹ̀. Mo kọ ọ́ bó ṣe rí: mò ń wá a ni.

Mo sì rí i.

Ní orí ìwé, ọwọ́ Kékeré tó mọ́ kọ ọ́ gedegbe: ìkejìlá, ìkọkànlá, ìkejì. Nínú apá tèmi ní ìsàlẹ̀, TRT. Bí TRT bá rí lẹ́tà nínú ìwọ̀n, inú rẹ́jísítà kìíní ló ń kọ ibi tó ti rí i sí, inú rẹ́jísítà kejì ló sì ń kọ irú ohun tó rí sí. Kì í bi ẹnikẹ́ni kó tó kọ ọ́. Ṣe ni yóò gbá ọwọ́ ẹni tó di tọ́ọ̀ṣì kẹta mú, iná rẹ̀ á ṣí kúrò níbi tó yẹ, ẹ̀rọ á sì máa rìn nínú òkùnkùn. Bí gbogbo ìwọ̀n bá mọ́, kò ní fọwọ́ kan ìkejì rárá. Ètò náà á máa ṣiṣẹ́ dáadáa títí di ọjọ́ tí akọ̀wé kan máa ṣi nǹkan tẹ̀.

Mo dìde láti lọ sọ fún un. Ó wà nídìí pátákó, ó ń ṣàlàyé ìpìlẹ̀ mẹ́ta fún àwọn ará àjà òkè tí wọ́n wá wò ó. Ọ̀gá dúró sẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, ó ń bá a gbé ife tíì rẹ̀ dání. Ọ̀gá tí kò gbé ife ẹnikẹ́ni rí. Kékeré sì tún ń sọ ọ̀rọ̀ tọ́ọ̀ṣì.

Mo jókòó padà.

Ẹtì, ọjọ́ kẹtàdínlọ́gbọ̀n

Mi ò purọ́ fún ẹnikẹ́ni. Apá tèmi tọ̀nà. Ìwé àṣẹ ẹ̀rọ sọ ohun tí TRT ń ṣe, ó wà lórí pẹpẹ, ẹnikẹ́ni lè ṣí i. Ẹni tí ọwọ́ rẹ̀ mọ́ kó lọ fi ọwọ́ mímọ́ ṣí i.

Ó ti bi mí nígbà kan. Mo mọ̀. Nígbà yẹn mi ò tíì kọ TRT sílẹ̀, èmi náà ò ronú kàn án. Nítorí náà kì í ṣe pé mo fi pa mọ́ fún un. Mo kàn ń jẹ búrẹ́dì ni.

Àìkú, ọjọ́ kọkàndínlọ́gbọ̀n

Bí Kékeré ṣe ń lọ, Màmá di ọwọ́ mi mú lẹ́nu ọ̀nà. "Máa bá mi wo àbúrò rẹ o. Ọmọdé ni. Àgbà kì í wà lọ́jà kí orí ọmọ tuntun wọ́."

Mo ní mo ti gbọ́, Màmá. Ọmọ tuntun tó ti lé lọ́gbọ̀n ọdún, tó ń fi ìpara olówó gọbọi para. Nígbà tí èmi wà lọ́mọ ọgbọ̀n, ta ni wọ́n ní kó máa bá wọn wo orí mi? Kò sẹ́ni tó di orí mi mú. Mo fi ọwọ́ ara mi dì í mú.

Mi ò sùn dáadáa láti Ọjọ́bọ̀.

Ọjọ́bọ̀, ọjọ́ kejì oṣù Bélú

Ìdánwò. Èmi ni Ọ̀gá ní kí n tẹ àwọn àkọsílẹ̀ ẹrù tí a máa fi dán an wò. Àpò ìrẹsì, àga, táyà, àpótí ìwé. Mo tẹ ìwọ̀n wọn síbẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan. Lẹ́tà kan ṣoṣo tó bá wọ ibi ìwọ̀n, ètò náà á ṣubú níbí, níwájú àwa nìkan, ẹnì kankan ò ní pàdánù nǹkan kan, Kékeré á sì rí àṣìṣe rẹ̀ kí ọ̀sán tó pọ́n. Mo mọ̀ bẹ́ẹ̀ bí mo ṣe ń tẹ̀ ẹ́. Mo fi nọ́ńbà sí gbogbo rẹ̀.

Ó yọrí láìkù síbì kan. Ọ̀gá fi ọwọ́ méjèèjì bọ Kékeré lọ́wọ́. Awakọ̀ súfèé. Kékeré wá dì mọ́ mi, ó ní, "Ẹ̀gbọ́n mi, ọpẹ́lọpẹ́ yín." Òórùn ìpara yẹn wà lára aṣọ mi títí mo fi délé.

Àbámẹ́ta, ọjọ́ kẹrin

Mo wọ bàtà yẹn wò. Ó bá ẹsẹ̀ mi mu. Mi ò rà á.

Ìṣẹ́gun, ọjọ́ keje

Mo pinnu láti sọ fún un lónìí. Mo fẹ́ kí ó wà lákọsílẹ̀ pé mo pinnu. Mo dúró dè é lórí àtẹ̀gùn nígbà tí a fẹ́ máa lọ sílé, ọ̀rọ̀ náà ti wà lórí ahọ́n mi. Òun ló kọ́kọ́ sọ̀rọ̀.

"Ẹ̀gbọ́n mi, mo fẹ́ bi yín léèrè nǹkan kan. Tí wọ́n bá fi èmi sí àga Ọ̀gá, ṣé inú yín ò ní bàjẹ́?"

"Ta ló sọ fún ẹ pé wọ́n máa fi ẹ́ síbẹ̀?"

"Ọ̀gá fúnra wọn ni. Wọ́n ní tí ètò bá bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ lọ́jọ́ Ajé láìsí wàhálà. Mo ní kí wọ́n jẹ́ kí n kọ́kọ́ bi yín."

Ó ń wò mí bó ṣe máa ń wò mí nígbà tó wà ní kékeré, tó bá fẹ́ kí n fún òun nínú ẹran mi. Mo ní kí inú mi wá máa bàjẹ́ nítorí kí ni? Mo ní kó lọ wọ ọkọ̀, pé òjò ń bọ̀. Òjò ò rọ̀.

Ogún ọdún ó dín ọ̀kan ni mo ti fi tọ́ ètò yẹn dàgbà. Òun wá fi ọ̀sẹ̀ mẹ́ta to ìpìlẹ̀ sábẹ́ rẹ̀, àga sì ti di tirẹ̀. Kí ètò náà máa lọ bó ṣe rí.

Ajé, ọjọ́ kẹtàlá

Mo fẹ́ kọ ọ́ létòlétò.

Oòrùn mú gan-an. Ètò tuntun bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ láàárọ̀, gbogbo ibùdókọ̀ ló ń fi ẹrù wọn ránṣẹ́ wọlé, ìwé ń jáde. Ọ̀gá wọ aṣọ tuntun. Bí a ṣe ń mu tíì, ẹ̀rọ ìtẹ̀wé dákẹ́. Awakọ̀ ní ètò ti ṣubú. Wọ́n tún un bẹ̀rẹ̀, ó tún ṣubú síbi kan náà. Ẹ̀rọ kejì ti lọ láti Ẹtì, kò sí ohun tí a lè sá padà sí. Kò sí ìwé fún ẹnikẹ́ni, ẹrù tí kò bá sì ní ìwé kì í wọ ọkọ̀.

Tẹlifóònù bẹ̀rẹ̀ sí í dún. Olórí ibùdókọ̀ kan ní òun ní páálí òròmọdìẹ mẹ́rin lórí pèpéle nínú oòrùn, pé ọkọ̀ ti fẹ́ gbéra, ẹni tó ni wọ́n sì fẹ́ gbá òun létí. À ń gbọ́ igbe àwọn òròmọdìẹ náà nínú tẹlifóònù. Akọ̀wé rẹ̀ ló ti fi lẹ́tà O tẹ òfo nínú ìwọ̀n wọn. Ibi yẹn gan-an ni ètò ti kọsẹ̀.

Ẹ̀rọ tẹ gbogbo ohun tó wà nínú rẹ̀ jáde, ìwé náà nípọn tó ìrọ̀rí. Kékeré tẹ́ ẹ sílẹ̀, ó wà lórí eékún láàárín rẹ̀, ó ń ṣí i síwá sẹ́yìn. Ọ̀gá dúró lórí rẹ̀, ohùn tó fi ń bá a sọ̀rọ̀ kì í ṣe èyí tó fi ń gbé ife. "Ìpìlẹ̀ tí o tò ni. Ṣé o mọ ohun tí ò ń ṣe ṣá?" Ní iwájú gbogbo ènìyàn.

Ohun tí mo ti ń retí gan-an nìyẹn, bí mo ṣe rò ó nínú ọkọ̀ ní àràárọ̀, títí kan ibi tí kálukú dúró sí. Kò dùn tó bí mo ṣe rò. Ó dùn díẹ̀. Mi ò ní purọ́ fún ìwé mi.

Mo bẹ̀rẹ̀, mo ṣí ojú ewé kan, èyí tó ní àwọn rẹ́jísítà. Mo fi ìka lé ìkejì. Mo ní, "TRT ló bà á jẹ́. Ẹ fún mi ní ìṣẹ́jú díẹ̀." Mo fi ìlà kan pa ìkejì mọ́ kí TRT tó bẹ̀rẹ̀, mo fi ìlà kan dá a padà lẹ́yìn rẹ̀. Ìlà méjì péré. Ìwé tún bẹ̀rẹ̀ sí í jáde.

Ọkọ̀ ti gbéra ṣáájú ìyẹn. Àwọn òròmọdìẹ dúró de ọkọ̀ ìrọ̀lẹ́. Olórí ibùdókọ̀ tún pè, ó ní púpọ̀ nínú wọn ti kú. Kékeré ló gbé tẹlifóònù yẹn.

Ìṣẹ́gun, ọjọ́ kẹrìnlá

Ọ̀gá ní, "Ìyá Ẹrù, ojú yín ò láfiwé. Ẹ kàn wò ó ni." Gbogbo yàrá ń sọ ọ́. Awakọ̀ ra omi tútù fún mi.

Kékeré ò wá síbi iṣẹ́. Wọ́n ní orí ń fọ́ ọ.

Ẹtì, ọjọ́ kẹtàdínlógún

Wọ́n fún mi ní àga náà. Mo ra bàtà náà. Màmá gbé ẹsẹ̀ mi sórí itan rẹ̀, ó yẹ bàtà náà wò lọ́tùn-ún lósì, ó sì súre fún mi títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀. Ó ní òun ò mọ̀ pé orí mi pé tó báyìí. Ọdún mélòó ni mo ti ń dúró de gbólóhùn yẹn. Mo ní kó tún un sọ, bí ẹni pé mi ò gbọ́. Ó tún un sọ.

Àìkú, ọjọ́ kọkàndínlógún

Kékeré wá lónìí. Ó jẹun díẹ̀. Ó ní òun á bá mi fọ àwo. Mò ń fọ̀, ó ń nù.

Ó ní, "Ẹ̀gbọ́n mi, ìwé yẹn nípọn o."

Mo ní ó nípọn.

"Ẹ ò ṣí ojú ewé mìíràn. Ẹ ò wo ibi tí ètò ti ṣubú. Ẹ ò béèrè ìwọ̀n tó wọlé. Ìkejì lẹ lọ bá tààrà." Ó nu àwo kan, ó gbé e sílẹ̀, ó mú òmíràn. "Ọjọ́ wo lẹ rí i?"

Mo lè sọ pé ọjọ́ Ajé ni. Ó ń fẹ́ kí n sọ pé ọjọ́ Ajé ni, mo rí i lójú rẹ̀. Bí mo bá sọ ọ́, á gbà á gbọ́, torí èmi ni.

Mo ní, "Ọjọ́bọ̀."

"Ọjọ́bọ̀ wo?"

"Èyí tí a da iṣẹ́ pọ̀."

Ó ń nu àwo kan náà tó ti gbẹ. "Ṣáájú ìdánwò nìyẹn."

"Ṣáájú ìdánwò."

"Ẹ̀yin lẹ sì tẹ àwọn àkọsílẹ̀ ìdánwò."

Omi ń ṣàn nínú báàsíà. Mo fọ àwo tó kù. Ó ká aṣọ ìnuwọ́ sí méjì, ó gbé e kọ́ síbi tó máa ń wà, ó lọ sí pálọ̀. Mo ń retí igbe Màmá. Ohun tí mo gbọ́ ni ohùn rẹ̀ jẹ́jẹ́: "Màmá, ẹ bá mi dúpẹ́ lọ́wọ́ wọn o. Àwọn ló yọ mí." Màmá sì tún bẹ̀rẹ̀ sí í súre fún mi láti pálọ̀, sókè, kí n lè gbọ́ nídìí àwo.

Ajé, ogúnjọ́

Kékeré wọlé, ó kúnlẹ̀. "Ẹ káàárọ̀, Ọ̀gá."

Ọ̀gá àtijọ́, tó ṣì ń kó ẹrù rẹ̀ jọ díẹ̀díẹ̀, gbójú sókè. "Ọ̀gá méjì ló wà nínú yàrá yìí, ta lò ń kí?"

"Àwọn ni, sà," ó sì fi orí júwe mi. Gbogbo ènìyàn rẹ́rìn-ín.

Ọjọ́bọ̀, ọjọ́ kẹtàlélógún

Ọ̀gá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ buwọ́ lu èyí. Ọ̀gá, tíì yín rèé. Mo ní, "Kékeré, kí ló dé?" Ó ní kò sí nǹkan, Ọ̀gá.

Bàtà yẹn ń gé mi lẹ́sẹ̀.

Àìkú, ọjọ́ kẹrìndínlọ́gbọ̀n

Mo rò pé ibi iṣẹ́ nìkan ni kò ti ní pè mí ní Ẹ̀gbọ́n mọ́. Nídìí oúnjẹ ó ní, "Ọ̀gá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi na iyọ̀."

Màmá pàtẹ́wọ́. "Ẹ gbọ́ ẹnu ọmọ yìí o. Ọ̀gá ló ń pè é nínú ilé." Ó rẹ́rìn-ín títí ó fi bọ́ dígí ojú rẹ̀ nù. "Ó dáa bẹ́ẹ̀. Ó yẹ kó bọ̀wọ̀ fún ẹ."

Mo na iyọ̀. Ta ni mo fẹ́ fẹjọ́ sùn, pé àbúrò mi ń bọ̀wọ̀ fún mi? Bàbá àwọn ọmọ ń wò mí láti òdì kejì tábìlì, kò bi mí ní nǹkan kan.

Ajé, ọjọ́ kẹrin oṣù Ọ̀pẹ́

Òjò tún dé, garawa tún wà nípò rẹ̀. Àga náà le ju bó ṣe rí lókèèrè lọ.

Mo ti ní kí wọ́n tú ìkẹwàá sílẹ̀ lábẹ́ iṣẹ́ àtijọ́ mi, kí ìpìlẹ̀ kẹta kúrò lórí ìkejì pátápátá. Mo gbé iṣẹ́ náà fún Kékeré. Lẹ́yìn oúnjẹ ọ̀sán ó gbé ìwé dé iwájú tábìlì mi. Ọwọ́ rẹ̀ ṣì mọ́.

"Ọ̀gá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi wò ó. Ìkejìlá, ìkọkànlá, ìkẹwàá. Ṣé kò sí nǹkan níbẹ̀?"

Mo fa àga kan fún un, mo ní kó jókòó. Mo wo ìwé náà láti òkè dé ìsàlẹ̀. Mo sọ gbogbo ohun tí mo mọ̀ fún un: èyí tí TRT ń bà jẹ́, èyí tí àwọn àṣẹ ìtẹ̀wé ń gbà láìtọrọ, àwọn tí ẹ̀rọ ń yá lọ́wọ́ wa tí kì í dá padà bó ṣe bá a, àti àwọn tí ìwé àṣẹ ẹ̀rọ ò sọ, tó jẹ́ pé ọjọ́ tí mo ṣubú ni mo kọ́ wọn. Mo sọ ọ́ títí tíì mi fi tutù. Mo tilẹ̀ tún dárúkọ tọ́ọ̀ṣì yẹn, bí mo ṣe sọ ọ́ fún un nígbà àkọ́kọ́ lórí tábìlì ilé ìdáná mi. Ó ń kọ gbogbo rẹ̀ sílẹ̀, ó ń mi orí.

Mo ní, "Ṣé ó yé ẹ, Kékeré?"

Ó dìde, ó kó ìwé rẹ̀ jọ, ó dá àga padà síbi tí mo ti fà á.

"Ó yé mi, Ọ̀gá."